Àpótí tí ó ń dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Àbújá kì í ṣe títì tí ó fẹ̀ tàbí ilé tí ó ga. Àárọ̀ ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ibi ẹ̀rọ omi, ènìyàn mẹ́tàlá ni mo máa ń kí. Mo kà wọ́n lẹ́yìn tí mo ti kúrò níbẹ̀, nígbà tí kíkà náà kò wúlò fún mi mọ́. Ní Nyanya, ní ẹ̀yìn ìgboro Àbújá, inú ọgbà oníyàrá mẹ́rìnlá ni mo ń gbé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, olúkúlùkù á gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ jáde láti pàdé àwọn tí ń fi ọmọlanke ta omi, wọn á sì gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Àwọn kan á ní "sannu." Àwọn mìíràn á kàn mi orí. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí níbẹ̀, mo rí ìyá àgbà kan tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀, mo kí i. Ó wo ilẹ̀ yí mi ká, ó sì fi Haúsá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ rẹ̀ ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ìyá òun ń béèrè ohun tí ó jábọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà náà. Ọkọ mi ti kú, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń múra láti wọ poli, ilé ìwé girama ni èmi sì bá ẹ̀kọ́ mi dé. Obìnrin kan nínú ìjọ wa ni ó bá mi wá iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rin kan ní Wuse. Mo sọ fún Màmá pé ọdún méjì ni n óò lò. N kò mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa.

Láyé ìgbà yẹn, abẹ́ agboòrùn obìnrin kan tí ń ta ìpè fóònù ni mo ti ń pe ilé. Obìnrin tí ó ni fóònù náà á di agogo mú, á máa ka ìṣẹ́jú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Tíṣà tí ó yá yàrá iwájú ilé wa ni ó ní fóònù, òun ni ó sì máa ń gbé e fún Màmá. Bí Màmá bá ti gbọ́ "ẹ káàárọ̀ mà" mi báyìí, kò ní béèrè àlàáfíà, kò ní sọ ti ilé. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí ni. Orúkọ oríkì mi kò gùn, ìró mẹ́ta péré ni, bíi ti ọ̀pọ̀ obìnrin wa. Ṣùgbọ́n Màmá á pè é, á tún un pè, á wá tẹ̀lé e lọ sí ìdí ìran bàbá mi. Obìnrin onífóònù á na ìka kan sí mi, á na ìkejì. Màmá kò ní tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi. Èmi á sì ní, "Màmá, ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ jàre, ìṣẹ́jú ń lọ."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, etí Màmá di. Díẹ̀díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, a sì rò pé òtútù ni. Nígbà tí ó yá, bí wọ́n bá gbé fóònù sí i létí, yóò gbé e kúrò níbẹ̀, yóò sì máa wò ó bíi pé òkúta ni wọ́n fún un mú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó gbọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan etí rẹ̀ ọ̀tún kí ó sì pariwo. Èmi wà ní Nyanya. Ìgbà tí mo gbọ́ oríkì mi kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo dá a dúró.

*

Nísàlẹ̀ ilé ọ́fíìsì náà, ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, tí ó yẹ kí ẹ̀ṣọ́ máa kọ ìgbà tí wọ́n tàn án àti ìgbà tí wọ́n pa á sí. Kò sí ẹni tí ó ń kọ ọ́. Nítorí pé ojú ìwé tí ó ṣófo kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí mo ti ń gbálẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin tí ó yá yàrá méjì ní àjà kẹta sọ̀ kalẹ̀ wá béèrè ẹni tí ó kọ "agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin." Ẹ̀rù bà mí. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹni tí kò bá yí ìṣẹ́jú mẹ́rin padà sí márùn-ún ni òun ti ń wá kiri, ó sì gbà mí sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ Okun ni, láti ọ̀nà Kàbà, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Àpótí kékeré kan ni ó ń ṣe, tí kò ju búrẹ́dì kékeré lọ. A máa ń so ó mọ́ táńkì omi ní àwọn ilé ńlá ní Jahi àti ní àwọn ẹ́sítéètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní Lokogoma. Bí omi bá fẹ́ tán, àpótí náà yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù onílé. Bí onílé bá sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá a lóhùn pé kí ó fa omi, yóò tan ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ Kánò ni onílé wà.

Nǹkan méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni módẹ̀mù: fóònù ni, ó ń lo síìmù bíi fóònù, àmọ́ kò ní ojú, kò sì ní ibi tí à ń tẹ̀. Èkejì ni ègé dúdú kan tí ó ní ẹsẹ̀ wínníwínní ogójì, tí Ẹnjiníà ń pè ní ọpọlọ. Ọpọlọ ni ó ń rò ó, módẹ̀mù ni ó ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ tí ó ń kọ́ mi ní iṣẹ́, ó so módẹ̀mù mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí n tẹ lẹ́tà méjì, A àti T. Mo tẹ̀ wọ́n. Módẹ̀mù dáhùn: OK. Mo bi í léèrè ohun tí a sọ fún un. Ó ní a kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ní ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ bá a sọ, AT ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní dá ènìyàn lóhùn.

Mo ní, "Ìkíni nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni, Àǹtí. Ó mọ̀wà ju àwọn tí ń rà á lọ."

Iṣẹ́ mi ni pé kí n yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí ẹsẹ̀ ọpọlọ kí ó lè lẹ̀, kí n sì dán àpótí kọ̀ọ̀kan wò: àtẹ̀jíṣẹ́ ogún tí yóò rán, ogún tí yóò gbà. Mo ní ìwé kan tí mo fi rúlà la sí ọ̀nà mẹ́rin: ìgbà tí a rán an, ìgbà tí ó dé, ohun tí ó sọ, àléébù. Ẹnjiníà kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tí mo bá fi dán an wò. Bí kò bá sí àmì, àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gba ọgọ́jọ lẹ́tà. Bí mo bá ti fi àmì kan ṣoṣo sí i, kò ní gbà ju àádọ́rin lọ, ọpọlọ tiwa kò sì mọ bí a ti ń kà á. Inú mi kò dùn sí i. Ìyáàfin tí ó kọ́ wa ní Yorùbá ní ilé ìwé girama máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì dà bí ènìyàn tí kò wọ aṣọ tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Ladi ni ó ń jókòó sí ọ̀kánkán mi. Ọmọ Gbagyi ni, àwọn tí ó ni ilẹ̀ Àbújá. Abúlé wọn ti wà níbẹ̀ kí àwọn òpó iná wọ̀nyí tó dé, bí a bá sì ṣíwọ́, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ń padà sí. Èmi á wọ ọkọ̀ Nyanya, á dúró títí lójú títì pẹ̀lú àwa tí a kún inú rẹ̀, olúkúlùkù sì ń sùn lórí ìjókòó. Bí ẹnì kan bá bi mí léèrè níbẹ̀ pé níbo ni ilé mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni n óò sọ. Bí mo bá sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìgbà Kérésì, wọn á ní, "Ará Àbújá ti dé." N kò mọ èyí tí mo lè bá jiyàn nínú àwọn méjèèjì.

*

Ní ìgbà òjò ọdún kan, Màmá yọ̀ ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Ó wà nílẹ̀ láti ìgbà tí Tíṣà ti lọ sí ilé ìwé ní àárọ̀ títí ó fi dé ní ọ̀sán. Eegun rẹ̀ kankan kò ṣẹ́. Ó sọ fún Tíṣà pé òun ti pariwo, ṣùgbọ́n pé nítorí tí òun kò gbọ́ ohùn ara òun mọ́, òun kò mọ̀ bóyá ó jáde.

Bọ̀ọ̀dá mi pè mí ní ọjọ́ kejì. Àwa méjì péré ni Màmá bí tí a yè. Ìlọrin ni òun ń gbé, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ sí ilé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Kí n padà wálé wá gbé pẹ̀lú Màmá, tàbí kí òun kó o lọ sí Ìlọrin kí Àjíǹde tó dé. Màmá sì ti sọ pé òun kò lọ. Òun àti bàbá wa ni wọ́n jọ kọ́ ilé náà, ojú fèrèsé iwájú ni ó máa ń jókòó sí tí àwọn ènìyàn fi ń kí i. Kò gbọ́ ìkíni wọn mọ́, àmọ́ ó ń rí orúnkún wọn bí ó ti ń kan ilẹ̀. Ilé Bọ̀ọ̀dá ní Ìlọrin, orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, fèrèsé yàrá tí wọ́n fẹ́ fún Màmá sì kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn.

Èmi náà kò lè padà. Ọmọ mi ku ọdún méjì ní poli, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe kò sì sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá pé kí ó fún mi ní àyè títí di Àjíǹde náà. Ó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi àyè náà ṣe.

Nídìí tábìlì iṣẹ́ ni mo ti rí èsì fún un, bí mo ti ń dán àpótí táńkì kan wò. Omi ń tán, àpótí ń sọ ọ́. Mo lọ bá Ẹnjiníà, mo ní bí táńkì bá lè rán àtẹ̀jíṣẹ́, kí ni kò ní jẹ́ kí Màmá rán an. Kò mọ̀wé, àmọ́ ojú rẹ̀ ríran, ìka rẹ̀ sì le. Ẹnjiníà fún mi ní àpótí kan tí ó ti họ, tí a kò lè tà. A fi bọ́tìnì pupa kan sí i tí ó tó ìdérí ìgò, àti iná aláwọ̀ ewé kan tí yóò ṣẹ́jú bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ti lọ, àti bátìrì tí yóò gbé e bí NEPA bá mú iná. Bí Màmá bá jí láàárọ̀, kí ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. MO JI IRE ni yóò dé sórí fóònù mi. Bí kò bá dé, Tíṣà tàbí Bọ̀ọ̀dá á lọ wò ó.

Mo gbé e lọ sílé ní Kérésì. Mo fi ẹnu kan etí Màmá, mo ṣàlàyé. Ó tẹ bọ́tìnì náà, fóònù mi ró lọ́wọ́ mi, ó sì mi orí bí ẹni tí ó gba nǹkan gbọ́. Bọ̀ọ̀dá wò wá láti ẹnu ọ̀nà.

Mo padà sí Àbújá. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kankan kò dé. Ní ọjọ́ kejì, kò dé. Ní ọjọ́ kẹta, mo dán síìmù wò, mo pe Tíṣà, ó ní Màmá wà lójú fèrèsé, ó ń jẹ iṣu. Bọ̀ọ̀dá pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Àpótí rẹ ń sùn o," ni ó wí.

Mo bẹ Tíṣà pé kí ó bá mi bi Màmá léèrè. Ó lọ, ó pariwo sí i létí, ó sì padà sórí fóònù tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní èsì tí Màmá fún òun nìyí: "Bá mi bi í, ta ni ó bí ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì? Ṣé èmi ni n óò máa kọ́kọ́ kí i láràárọ̀ ni?"

Mo sọ fún Ẹnjiníà. Ó gbé irin gbígbóná tí ó mú lọ́wọ́ kalẹ̀.

"A jẹ̀bi," ni ó wí. "Àpótí táńkì ló ń kọ́kọ́ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni. A fi Màmá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ yín, Àǹtí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi tún un kọ. Nínú àpótí tuntun, èmi ni n óò kọ́kọ́ fi E KAARO MA ránṣẹ́. Bí ó bá ti dé, iná pupa yóò tàn, yóò sì dúró. Ìgbà náà ni Màmá yóò tẹ bọ́tìnì láti dáhùn. Kò ní gba ìkíni lọ́wọ́ nọ́ńbà mìíràn àyàfi tèmi. A fi í rán awakọ̀ kan tí ó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Tíṣà sì so ó mọ́lẹ̀.

*

Mo ti máa ń dé ibi iṣẹ́ kí agogo méje tó lù, nítorí pé bí ènìyàn bá pẹ́ ní Nyanya, ọkọ̀ kò ní tètè rí ọ̀nà wọ ìgboro. Ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kọ E KAARO MA. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì, kò sì tẹ̀ ẹ́. Mo wò yíká, kò tíì sí ẹnì kankan. Mo kúnlẹ̀ ní àárín tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì rán an.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà fóònù ró: MO JI IRE. Kí n tó dìde, òmíràn dé: MO JI IRE. Kí n tó gbọn eruku kúrò ní orúnkún mi, ẹ̀kẹta dé.

Ladi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Kai," ni ó wí, "ta ni o ń kúnlẹ̀ fún?"

Mo ní ìyá mi ni.

Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní ìyá mi mọ ibi ìfarapamọ́ o.

Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é, mo sì sọ ti ìkúnlẹ̀ náà fún Tíṣà. Bí ó ti wù kí ó rẹ̀ mí tó, ì báà jẹ́ pé mo ti dúró láti Nyanya dé Wuse, n óò kúnlẹ̀, n óò rán an, Màmá yóò sì dáhùn. Mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi bí iṣẹ́ yòókù. 7:16:05. 7:16:14. 7:16:22. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lójoojúmọ́. Ní ọ̀nà kẹrin, lábẹ́ àléébù, mo kọ pé: ó ń rán lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò ẹ̀ẹ̀kan.

Lẹ́yìn oṣù kan, Ẹnjiníà ṣí ìwé náà, ó rí i. Ó ní òun mọ ohun tí ó fà á. Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì, irin inú rẹ̀ máa ń fò díẹ̀ kí ó tó jókòó, ojú ènìyàn kò lè rí i, ṣùgbọ́n ọpọlọ yára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń ka fífò kọ̀ọ̀kan sí títẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, síìmù Màmá yóò jẹ káàdì tán láìròtẹ́lẹ̀, àpótí yóò sì dákẹ́ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀. Ó ní òun yóò dí bọ́tìnì náà létí: bí Màmá bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ́ òmíràn títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò fi kọjá.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà náà. Irin tí ń fò kì í dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kí ó tó tún fò. Irin tí ń fò kì í fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta géérégé lójoojúmọ́, láìfò lẹ́ẹ̀mejì rí, láìfò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé mi, ní ọwọ́ ara mi. Mo kọ ọ́, n kò kà á. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà."

Àpótí kẹta dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, MO JI IRE dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà kẹrin ṣófo. Mo fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Ní àárọ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo kúnlẹ̀, mo rán an, kò sí èsì. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀ títí Ladi fi dé. Mo pe Tíṣà: Màmá ń bẹ, ara rẹ̀ le, kò kàn fẹ́ tẹ nǹkan kan ni. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá wakọ̀ lọ síbẹ̀, ó sì pè mí láti ẹ̀gbẹ́ Màmá. Ó ní Màmá ti fi gèlè bo àpótí náà, ó sì yí i kọjú sí ògiri.

Ó ní, "N kò bá ọ jà. O ti gbìyànjú. Ní Sátidé yìí, n óò kó ẹrù rẹ̀."

*

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wa ní ọjọ́ Sátidé náà, bóọ̀tù ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá wà ní ṣíṣí, àpótí aṣọ Màmá sì ti wà nínú rẹ̀. Màmá jókòó sí ojú fèrèsé. Ó rí mi, kò yí ojú padà sí mi. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, bí ó ti máa ń ṣe, àmọ́ kò la ẹnu.

Mo sún mọ́ ọn, mo fi ẹnu kan etí rẹ̀ ọ̀tún. "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò dá mi lóhùn mọ́?"

"Ìwọ ni o kò fẹ́ ìdáhùn mi."

Mo ní mo fẹ́ ẹ. Mo ní torí rẹ̀ ni mo ṣe ṣe àpótí náà.

"Tíṣà sọ fún mi pé o máa ń kúnlẹ̀ kí o tó rán an," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ga, nítorí pé kò gbọ́ ọ. "Ọmọ tí ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ṣé 'mo jí' nìkan ni ìyá rẹ̀ yóò wí fún un? Mo ń kì ọ́ ni. Ẹnu mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́, mo wá ń fi ìka kì ọ́."

Ó sì fi ìka kan mí lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìró kan fún ìkànlórí kan, ó ń pe oríkì mi bí ó ti ń kàn mí. Mo ti gbàgbé bí ó ti máa ń fa ti ìparí.

"Ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iná yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àfi ìgbà tí o fi àpótí tuntun yìí ránṣẹ́. Mo tẹ ti àkọ́kọ́, ó gbà. Mo tẹ ìkejì, ó ń wò mí. Mo ní, ọmọ mi náà nìyẹn. Ó tún ti ní kí n dákẹ́, ìṣẹ́jú ń lọ."

Mo gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, mo sì fi í síbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó di ìrọ̀rí Màmá mọ́ àyà, òun ni ó kù tí ó fẹ́ gbé lọ sínú ọkọ̀. Kò rìn síwájú, kò rìn sẹ́yìn. Òun ni àkọ́bí, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Láti ìgbà tí etí Màmá ti di, òun náà kì í ṣe ju kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí ó wo òrùlé, kí ó sì máa lọ. Ó rọra sọ̀rọ̀, bíi pé kò fẹ́ kí n gbọ́.

"Àpótí yẹn," ni ó wí, "ṣé ó lè gba nọ́ńbà méjì?"

Mo ní ó lè gbà á. Mo ní ẹni tí ó bá kí Màmá ni ìdáhùn yóò lọ bá.

Ó gbé ìrọ̀rí náà padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ gbé àpótí aṣọ wọlé, ó sì ti bóọ̀tù ọkọ̀ pa. Ó ní bí agogo mẹ́sàn-án bá lù tí òun kò rí èsì Màmá, òun á wakọ̀ wá, n kò sì gbọdọ̀ bá òun jiyàn. Mo ní n kò jiyàn.

*

Ẹnjiníà gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ó yí àga rẹ̀ padà sí kọ̀ǹpútà, ó pa ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ́, ó sì fi ìdá kan nínú ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá kan sí ipò rẹ̀, èyí tí ó tó fún irin tí ń fò tí kò sì ní dí ìyá kankan lọ́wọ́. Ó fi nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá kún un. Lẹ́yìn náà ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lè fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì mú fóònù rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń fi èdè Okun kí ẹnì kan.

Mo ti pẹ́ ní Àbújá ju bí mo ti sọ fún Màmá lọ. Mo mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà nígbà tí títì bá dí, mo mọ iye kẹ́ẹ̀gì omi tí ó tó mi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì lè fi Haúsá kí ìyá àgbà inú ọgbà wa dé ìdí rẹ̀, tí yóò sì fi ẹ̀rín dáhùn pé "yauwa." Síbẹ̀ ó máa ń rẹ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ń rẹ̀ mí. Kí ènìyàn máa jí ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, òun ni ó máa ń rẹni.

Ní àárọ̀ tí Tíṣà so àpótí kẹrin mọ́lẹ̀, mo kúnlẹ̀ ní àárín tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ní agogo méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ladi ti dé, kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ mi lè ráyè. Fóònù ró. Ladi ka ọ̀kan. Ó tún ró. Ó ka èjì. A dúró. Ó ró lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo dìde, mo ṣí ìwé mi, mo kọ ìgbà wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá wọn. Lẹ́yìn náà mo ṣí i padà sí ojú ìwé ti oṣù tí ó kọjá, níbi tí mo ti kọ ọ́ lábẹ́ àléébù pé ó ń rán lẹ́ẹ̀mẹ́ta dípò ẹ̀ẹ̀kan. Mo fi rúlà fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀, bí a ti ń ṣe sí àṣìṣe, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á ṣì lè kà á. Lókè ìlà náà mo kọ oríkì mi, ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fi àmì sí orí gbogbo wọn.